Ta Ló Fi Ọ̀rọ̀ Sí Ọlọ́lá Lẹ́nu?

Ẹ̀wà jóná ní àárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí pé ọba ló ń sè é.

Ọba ọ̀hún kò ní ìlú, kò sì ní ààfin. Ohun tó ní kò ju yàrá méjì, ilé ìdáná tí èéfín ti sọ ògiri rẹ̀ di dúdú, ìyá kan, ìyàwó kan, àti ṣíbí onígi tó gbé sókè bí ọ̀pá àṣẹ. Òṣèré ni. Ní ilé ìṣeré ìjọba tó wà ní ìpẹ̀kun òpópó, òun ni wọ́n máa ń fi ṣe ọba nínú gbogbo eré, débi pé Kábíyèsí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan onílé tí kì í yé bá a jà lórí omi ẹ̀rọ.

“Ọlọ́lá!” ló ké, ṣíbí lókè, ẹ̀wà ń hó lẹ́yìn rẹ̀. “Ọlọ́lá, aṣojú wa! Ìlú tó bá ti ilẹ̀kùn ilé ìṣeré rẹ̀ pa, ìlú náà ti di... ti di...”

“Ojú ara rẹ̀,” ni ohùn kan wí jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

“Ìlú náà ti di ojú ara rẹ̀!”

Ohùn ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ní ilé ìṣeré kan náà ni kí ó jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé, níbi tí òǹwòran kò ti lè rí i, kí ó mú ìwé eré dání, kí ó sì máa fi ọ̀rọ̀ sí òṣèré tó bá gbàgbé lẹ́nu. Ohùn rẹ̀ kì í kọjá ibi tó bá rán an: òṣèré á gbọ́, ẹni tó jókòó níwájú pátápátá kò ní gbọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìyá Jẹ́jẹ́. Iṣẹ́ náà sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀ débi pé èèyàn kò lè dákẹ́ lójú rẹ̀ kó má bá a parí gbólóhùn. Bí ẹnì kan bá ní “Mo fẹ́ ra...” lọ́jà, òun ló máa wí pé “àlùbọ́sà”. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń so àbúrò rẹ̀ obìnrin àti ọkọ rẹ̀ pọ̀, tí ọkọ ìyàwó dúró tó ń ṣe “mo... mo...”, Ìyá Jẹ́jẹ́ ló jókòó sẹ́yìn tó ní “gbà”. Ọkọ sì gbà. Títí dòní lọkùnrin náà ń sọ pé òun kò tíì parí ìrònú òun lọ́jọ́ yẹn.

“Kí ló ń jó?” Ìyá Àgbà, ìyá Kábíyèsí, ti yọ sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìborùn lọ́rùn.

“Iṣẹ́ ọnà ló ń jó, Màámi! Àwọn aṣòfin ló fẹ́ dáná sun ún!”

“Mo ní nínú ìkòkò.”

Gbogbo wọn wo ìkòkò. Èéfín ti ń jáde ní etí ọmọrí bí ẹni tó ń yọjú wo òde.

Ọ̀rọ̀ tó gbóná ju ẹ̀wà lọ nìyí: ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yóò jókòó lọ́la lórí ètò ìṣúná, wọ́n sì fẹ́ gé gbogbo owó tí ìjọba ń fún ilé ìṣeré, gé e kúrò pátápátá, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ dín in kù. Aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò wọn, tí gbogbo ayé ń pè ní Ọlọ́lá, yóò gba àlejò ní ọ́fíìsì rẹ̀ lónìí. Ohùn tirẹ̀ ni wọ́n ní ó lè yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn òṣèré bá yan Kábíyèsí pé kó lọ bá wọn bẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀bẹ̀ bá kùnà, ọkọ kò níṣẹ́, ìyàwó kò níṣẹ́, ilé tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń kọ́ bí a ṣe ń dúró sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn yóò di ilé eku.

Ìyá Jẹ́jẹ́ gbé korobá, ó lọ pọnmi tí wọ́n máa fi fọ ìkòkò. Korobá omi kan ló gbé lọ, ìròyìn mẹ́rin ló gbé bọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ sọ fún un pé wọ́n ti ta ilé ìṣeré náà. Ẹnì kejì ní irọ́ ni, ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ dà. Onídìrí ní òun gbọ́ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ lẹ́nu dírẹ́bà Ọlọ́lá pé ìlọ́po méjì owó ni wọ́n fẹ́ fún wọn. Ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò bi ní nǹkan kan ní kí wọ́n ṣáà máa gbàdúrà. Orí Ìyá Jẹ́jẹ́ dà rú. Ó tún gbàgbé láti ti ẹ̀rọ omi pa.

Ó ń padà bọ̀ nígbà tó kí ẹsẹ̀ méjì tó yọ jáde lábẹ́ mọ́tò lójúlé kejì. Ẹsẹ̀ mẹkáníìkì ni.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Mẹkáníìkì.”

“Ẹ kú àárọ̀, Ìyá Jẹ́jẹ́,” ni ẹsẹ̀ méjèèjì dáhùn. “Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń lọ bẹ Ọlọ́lá.”

“À ń lọ bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n má gé owó wa.”

“Èmi náà ń lọ o. Èmi ń lọ bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n gé e ni.”

Korobá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Mẹkáníìkì rọra yọ́ jáde, epo dúdú ní iwájú orí, ó jókòó sórí táyà.

“Ẹ má bínú sí mi. Ọmọ mi obìnrin tí kò lè dárúkọ ara rẹ̀ níwájú àlejò, ẹ̀yin lẹ gbà á, ó wá ń bú bí kìnnìún lórí ìtàgé yín ní gbogbo Sátidé. Ẹ ti bà mí nílé jẹ́, kò jẹ́ ká sùn mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lóore. Àmọ́ orí bẹ́ǹṣì nìyàwó mi bí èyí tó tẹ̀lé e sí ní ilé ìwòsàn ìjọba, torí ibùsùn kò sí. Wọ́n ní owó eré ni wọ́n máa fi ra ibùsùn. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n máa pàtẹ́wọ́?”

Ó dákẹ́. Ìyá Jẹ́jẹ́ lanu láti bá a parí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó gbé omi wọlé.

Nígbà tó ròyìn nílé, Kábíyèsí fò sókè. “Ọ̀dàlẹ̀! Aládùúgbò tí mo ń yá ní iyọ̀!”

“Òun ló ń yá ọ ní iyọ̀,” ni Ìyá Àgbà wí. “Jókòó. Ta ló sùn sórí ilẹ̀ ní ilé ìwòsàn yẹn nígbà òjò tó kọjá? Ṣé ìwọ ni?”

“Ẹ̀yin ni, Màámi.”

“Ta ló ń jókòó sí ìlà kejì ní ilé ìṣeré yín ní gbogbo Sátidé, tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀?”

“Ẹ̀yin náà ni.”

“Ó dáa. Ṣé kí wọ́n wá gé mi sí méjì ni? Ẹni tó yọ ojú òsì ta kó lè fi wo ojú ọ̀tún sàn, ojú mélòó ni Ọlọ́run dá fún un?”

Wọ́n fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà jíjóná. Ohùn kan ṣoṣo tí èèyàn gbọ́ ni ti ṣíbí tó ń ha ìdí ìkòkò.

Kí wọ́n tó jáde, Ìyá Jẹ́jẹ́ di ọkọ rẹ̀ lápá mú. “Ẹ jọ̀ọ́, Kábíyèsí. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ ọ́ bí èèyàn. Ẹ má ṣeré.”

“Èmi?” Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àyà, ohùn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn. “Ìgbà wo ni mo máa ń ṣeré?”

Ọ́fíìsì Ọlọ́lá kún dẹ́nu; àwọn òṣèré yòókù ti ṣáájú wọn débẹ̀. Fáànù kan wà lókè àjà tó ń yí bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Ọlọ́lá fúnra rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀, ọlọ́yàyà, ẹni tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ máa ń wọ́n níbẹ̀ díẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó ń làágùn, dúró sí apá òsì rẹ̀.

“Inú mi dùn púpọ̀ láti rí àwọn... àwọn...”

“Òṣèré,” ni akọ̀wé wí sí i létí.

“Àwọn òṣèré!”

Ìyá Jẹ́jẹ́ wo akọ̀wé, akọ̀wé wo Ìyá Jẹ́jẹ́. Oníṣẹ́ kan náà mọ ara wọn.

Kábíyèsí bẹ̀rẹ̀ bí èèyàn. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó sọ gbólóhùn méjì gidi bí èèyàn. Ó ní, “Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ọ̀rọ̀ owó ilé ìṣeré ló gbé wa wá.” Ibẹ̀ ni ì bá dúró sí. Àfi bí àwọn tó wà lórí ìlà níta ṣe dákẹ́, tí wọ́n na ọrùn láti ojú fèrèsé. Òṣèré rí òǹwòran! Àyà rẹ̀ fẹ̀, ọrùn rẹ̀ gùn. Ó di ilé ìṣeré fúnra rẹ̀, ó di ìyá arúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò fún lóúnjẹ mọ́. Ó fi ọwọ́ ta ògiri, ó wúkọ́, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbàgbé, ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìyá Jẹ́jẹ́ ti ẹ̀yìn àga fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Níkẹyìn ó ṣubú lulẹ̀, ó kú sórí káápẹ́ẹ̀tì Ọlọ́lá. Ẹnì kan ké ní ojú fèrèsé. Nítorí igbe yẹn, ó jí, ó tún kú.

Àtẹ́wọ́ bẹ́. Ọlọ́lá yọ aṣọ ìnujú, ó ń sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Ìyá Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Lójú ọkàn rẹ̀, ó ti rí owó náà. Ó ti rí òrùlé ilé ìṣeré tó ń jò tí wọ́n ń kàn.

“Mi ò rí irú eléyìí rí,” ni Ọlọ́lá wí. “Akọ̀wé, ṣé o rí i? Ó kú lẹ́ẹ̀mejì! Ẹ wò ó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkàn mi ti ń ṣe méjì lórí ọ̀rọ̀ owó yìí látọjọ́ yìí. Ẹ ti là mí lójú lónìí. Kò sí iná níbí, kò sí aṣọ eré, kò sí ìtàgé, síbẹ̀ ẹ pa mí lẹ́kún. Àwọn tó lè ṣe báyìí láìná kọ́bọ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi owó ìjọba ṣe?”

Kábíyèsí ti tẹrí ba fún àtẹ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó dé etí rẹ̀. Ibi tó tẹrí ba sí ló wà tí ìyàwó rẹ̀ fi fà á jáde.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkọ àti ìyàwó fẹ̀yìn ti ògiri.

“Ó sunkún,” ni Kábíyèsí wí.

“Ó sunkún. Ó sì gé owó.”

“Ṣùgbọ́n ṣé o rí i bó ṣe sunkún?”

“Mo ní kí ẹ sọ ọ́ bí èèyàn!”

“Bí mo bá sọ ọ́ bí èèyàn, ta ló máa gbọ́? Èèyàn mélòó ló ń sọ̀rọ̀ ní ìlú yìí, ta ló ń gbọ́ wọn?” Ohùn rẹ̀ já. Kì í ṣe ohùn ọba. Ìyá Jẹ́jẹ́ kò mọ̀ bóyá kí òun gbá a létí ni tàbí kí òun gbá a mọ́ra, ó bá ń bá a gbọn eruku káápẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́yìn.

Mẹkáníìkì ló kàn. Ó wọlé, kò pẹ́, ó jáde. Ojú rẹ̀ rí bí ti ẹni tó da epo sínú ibi tí wọ́n ń bu omi sí.

“Kí ló sọ?” ni Ìyá Jẹ́jẹ́ bi í.

“Mo sọ ti ìyàwó mi fún un. Mo sọ ti bẹ́ǹṣì. Ó rò pé mo wà lára yín.” Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Ó pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó ní mo ṣe mẹkáníìkì dáadáa, pé epo ojú mi yẹn, bíi ti gidi ló rí.”

Ẹ̀rín pa Kábíyèsí, ó pa mẹkáníìkì náà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú. Lójijì wọ́n rántí pé ọ̀tá ni àwọn lónìí, wọ́n jọ̀wọ́ ara wọn sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí gbogbo èèyàn jáde síwájú ilé, Ọlọ́lá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn oníròyìn rédíò ti dé pẹ̀lú makirofóònù, ṣùgbọ́n mọ́tò Ọlọ́lá dí ọ̀nà mọ́ tiwọn, wọ́n bá rán akọ̀wé pé kó sáré lọ wá dírẹ́bà. Èrò ti Kábíyèsí àti mẹkáníìkì bọ́ sí àgbàlá. Ìyá Jẹ́jẹ́ kò ráyè jáde. Wọ́n tì í títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan férémù ilẹ̀kùn, aṣọ ìkélé ẹnu ọ̀nà sì bò ó mọ́lẹ̀. Aṣọ níwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn ọkùnrin kan lẹ́yìn aṣọ. Èrò tó ń wò ní òdìkejì. Ara rẹ̀ ti mọ ibi tó wà kí ọpọlọ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

“Ẹ̀yin èèyàn mi!” ni Ọlọ́lá bẹ̀rẹ̀. “Lọ́la, bí wọ́n bá kan ọ̀rọ̀ ilé ìṣeré nílé ìgbìmọ̀, mo ṣèlérí níwájú gbogbo yín pé n kò ní... n kò ní...”

Ó tẹ orí sí apá òsì. Akọ̀wé kò sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ sọ; ó ṣeé ṣe kí òun náà má mọ̀ ọ́n. Makirofóònù ń dúró, èrò ń dúró.

“Jẹ́ kí wọ́n gé owó rẹ̀,” ni Ìyá Jẹ́jẹ́ wí jẹ́jẹ́.

“N kò ní jẹ́ kí wọ́n gé owó rẹ̀!” Ọlọ́lá bú ramúramù, ọwọ́ lókè.

Ìyá Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti lọ. Àwọn òṣèré hó yèè. Kábíyèsí ju fìlà sókè, fìlà kò padà wá. Ọlọ́lá náà rẹ́rìn-ín, ó wo àwọn èèyàn bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn tí kò tíì tú wò.

“Ibùsùn ńkọ́?” ni ohùn kan wí láàárín àgbàlá.

Mẹkáníìkì ni, kò sì pariwo. “Ibùsùn ilé ìwòsàn, Ọlọ́lá. Ibùsùn ńkọ́?”

Ọlọ́lá tún tẹ orí sí òsì, etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aṣọ ìkélé. Ó ń dúró. Ìyá Jẹ́jẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀, ibi tí ìwé eré máa ń wà. Ọwọ́ lásán ló rí. Láti ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì yí etí sí i kó má rí ọ̀rọ̀ gbọ́. Ó gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń mí. Ọlọ́lá ń dúró síbẹ̀.

Akọ̀wé ló sáré dé, ó ní “Ẹ ṣeun,” Ọlọ́lá ní “Ẹ ṣeun o!” wọ́n sì wọlé.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí ìdílé náà jókòó ti ìyókù ẹ̀wà. Ìyá Àgbà tan rédíò. Ohùn Ọlọ́lá jáde, ó le koko: “...mo ṣèlérí níwájú gbogbo yín pé n kò ní... n kò ní...” Lẹ́yìn náà, kí ariwo tó bẹ́, ohun kan kọjá nínú rédíò náà bí ẹni tó ń mí. Ohùn obìnrin ni. Kò ga, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló pé.

Ìyá Àgbà pa rédíò. Ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀.

“Ìyàwó mi. Ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ yẹn?”

Ìyá Jẹ́jẹ́ ń fi búrẹ́dì nu àwo tó ti mọ́.

“Tirẹ̀ ni!” ni Kábíyèsí wí. “Òfin ìtàgé ni. Ọ̀rọ̀ tí òṣèré bá ti sọ sétí òǹwòran, tirẹ̀ ni, ẹni yòówù kó fi sí i lẹ́nu.”

“Ọlọ́lá kì í ṣe òṣèré.”

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo ló wá ń ṣe?”

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Kábíyèsí, ẹni tó ti kú lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà láìbẹ̀rù, wọ abẹ́ tábìlì. Akọ̀wé ló wọlé, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ bí omi.

“Ta ni wọ́n ń pè ní Ìyá Jẹ́jẹ́?”

“Èmi ni,” ni Ìyá Àgbà wí, ó sì dìde dúró.

Akọ̀wé wo arúgbó náà, ó wo obìnrin tó mú àwo dání. Ó mọ oníṣẹ́ bíi tirẹ̀. Ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

“Inú bí Ọlọ́lá gan-an,” ló sọ. “Ó bínú títí ó fi gbọ́ rédíò. Gbogbo ìlú ló ń yìn ín. Ó ní òun kò lè kó ọ̀rọ̀ òun jẹ mọ́, òun máa sọ ọ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin tó kù máa bi í ní ìbéèrè ọkùnrin yẹn.” Ó nu ojú. “Ó ní kí n wá gba ìyókù.”

“Ìyókù kí ni?”

“Ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ó dá òun lójú pé ó wà lọ́dọ̀ yín.”

Kábíyèsí yọ orí lábẹ́ tábìlì. Ó ti ń mí ìmí ọba sínú. Ìyá Jẹ́jẹ́ na ìka sí i, orí padà wọlé.

Ó fi wọ́n sílẹ̀ nínú yàrá, ó jáde. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tán. Ẹsẹ̀ méjì wà lábẹ́ mọ́tò lójúlé kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

“Bàbá Mẹkáníìkì. Ìbéèrè tí ẹ bi Ọlọ́lá lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fi bi mí.”

Irin tó ń dún lábẹ́ mọ́tò dákẹ́.

“Ibùsùn ńkọ́?”

“Ibùsùn...” ni Ìyá Jẹ́jẹ́ wí. “Ẹ sọ fún ilé ìgbìmọ̀ pé a fẹ́ ibùsùn, a sì fẹ́ ilé ìṣeré. Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó ní ká mú ọ̀kan, ká ju ọ̀kan nù... ẹni tó ní... ẹni tó...”

Ó dúró. Ó tẹ orí díẹ̀ láìmọ̀, bí Ọlọ́lá ṣe ṣe.

Lẹ́yìn náà ni ohùn kan ti abẹ́ mọ́tò jáde, jẹ́jẹ́:

“Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí bẹ́ǹṣì yẹn, Ìyá.”